Ìṣẹ́jú Àkọ́kọ́ Tí Epo Bá Dànù ní Sáìtì

Ẹ jẹ́ ká ní sáìtì ilé alájà mẹ́ta kan ni, ọ̀sán gangan, oòrùn mú hánhán. Ọmọkùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lítà 25 lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mi kọnkéré, kó lè bu epo sí i. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà ti sọnù tipẹ́, ọ̀rá ni wọ́n ká mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ irin, kẹ́ẹ̀gì já bọ́, epo sì ń tú jáde gbuuru. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni owó: iye tí wọ́n ń ta lítà kan lónìí, àti ọ̀gá tó ti sọ pé ẹni tó bá da epo nù, inú owó iṣẹ́ rẹ̀ ni òun ti máa yọ ọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa páànù kọnkéré mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbọ́n epo jọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ní sáìtì, epo ni omi yẹn, ènìyàn ni agbè. Epo tó ti kan ilẹ̀ ti lọ. Iyanrìn ti wọ inú rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó máa mu ún láìbàjẹ́. Ohun tó kù láti gbà là ni ọmọkùnrin yẹn àti àwọn tó yí i ká, ìṣẹ́jú bíi kan sí méjì péré ló sì wà láti ṣe é.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń kánjú báyìí, ẹ jẹ́ ká wo bí epo ṣe ń gbiná. Ọ̀pọ̀ wa rò pé epo tó ṣàn sílẹ̀ ló ń jó. Èémí tó ń jáde lára epo, tí ojú ò rí ṣùgbọ́n tí imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ló ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, tó sì ń gbiná. Epo kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwọ̀n ooru tó gbọ́dọ̀ dé kí èémí rẹ̀ tó pọ̀ tó láti gba iná. Ti dísẹ̀lì ga, ó máa ń ju 52 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti kẹrosíìnì ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 38. Ti bẹntiróòlù ńkọ́? Nǹkan bíi 43 nísàlẹ̀ òdo. Fírísà tí wọ́n ń kó ẹja sí, nǹkan bíi 18 nísàlẹ̀ òdo ni òtútù tirẹ̀. Bí a bá gbé abọ́ bẹntiróòlù sínú rẹ̀, yóò ṣì máa mí èémí tó lè gbiná jáde níbẹ̀. Kí la wá fẹ́ sọ nípa ọ̀sán Èkó, tí ooru ti lé ní 30?

Èémí bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í gòkè bí èéfín igi. Ó ń rákò nílẹ̀ bí omi, ó ń wá ibi tó jìn tó máa rọ̀gún sí: kòtò ìpìlẹ̀, gọ́tà, ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ṣaláńgá. Tó bá ti tó ìdá 1.4 péré nínú ìdá ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó wà níbì kan, iná kékeré kan ti tó o. Ó sì lè rìn jìnnà lọ bá iná níbi tí iná wà, kí iná wá tọ ipa rẹ̀ padà dé ìdí epo. Nítorí ìyẹn, ẹni tó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí lè má sí nítòsí epo náà rárá. Ó lè jẹ́ ìyá olóúnjẹ tó ń fi igi dáná lẹ́nu géètì. Ó lè jẹ́ wẹ́dà tó ń jó irin ní ẹ̀yìnkùlé, tàbí ẹni tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó fẹ́ ṣáná sí sìgá.

Ariwo ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. “Epo ti dànù o! Ẹ pa iná! Ẹ máa bọ̀ níbí!” Kí ẹni tó pariwo má sáré lọ bá epo, kó dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, kó máa pe àwọn yòókù wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí a kò bá mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí a bu erùpẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ kí a jù ú sókè. Ibi tó bá fẹ́ lọ, ibẹ̀ ni èémí epo ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Ní ti kẹ́ẹ̀gì tó ṣubú, bó bá ṣeé gbé dúró lẹ́ẹ̀kan náà láìtẹ inú epo, kí a gbé e dúró kí a sì kúrò níbẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi í sílẹ̀ kó tú tán.

Jẹnẹrétọ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń jiyàn lé lórí. Ẹnìkan á ní kí a sáré lọ pa á, ẹlòmíràn á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ibi tó wà ló yàtọ̀. Bó bá wà lọ́nà jíjìn, tí òórùn epo kò tíì dé ibẹ̀, kí a pa á kíákíá kí èémí epo tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òórùn epo bá ti gba ibẹ̀ kan, kí a sá. Bọ́tìnì àti ṣíwíìṣì máa ń ta iná pàrà nínú, yálà a ń tàn án ni o, yálà a ń pa á ni o, iná tí kò tó orí abẹ́rẹ́ sì ti tó. Ohun kan náà ni fún ọ̀kadà tó wà nítòsí: kí olówó rẹ̀ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó má ta á láti gbé e sá. Tọ́ọ̀ṣì náà ńkọ́? Ẹ má tàn án. Fóònù, ó di ìgbà tí a bá ti jìnnà ká tó yọ ọ́.

Tí a bá ti jìnnà, kí a pe 112, tó ń ṣiṣẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Ní Èkó, 767 náà wà. Kí ẹni tó ń pè sọ ibi tí sáìtì wà pẹ̀lú nǹkan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lágbègbè ibẹ̀, irú epo tó dànù, bó ṣe pọ̀ tó, bóyá iná ti ràn, bóyá ẹnikẹ́ni fara pa. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn panápaná ń mú dání ní Amẹ́ríkà àti Kánádà sọ pé kí a lé àwọn ènìyàn kúrò ní mítà 50 sí ibi tí irú epo báyìí ti dànù, ní ọwọ́ gbogbo. Bí èyí tó dànù bá pọ̀ gan-an, kí a ro kíkó àwọn tó wà ní apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kúrò títí dé mítà 300. Bí iná bá ti mú táńkà agbépo, mítà 800 ni, ní ọwọ́ gbogbo. Ìyẹn ju pápá bọ́ọ̀lù méje tí a tò tẹ̀lé ara wọn lọ.

A kò ṣàìní ẹ̀rí ohun tí gbígbọ́n epo máa ń dá sílẹ̀. Ní Jesse, ní ìpínlẹ̀ Delta, ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, iná mú páìpù epo níbi tí èrò ti ń bu epo, ó sì pa ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní Èkó, ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2006, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló jóná nídìí páìpù tí wọ́n ti dá lu. Ní Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, táńkà dojú dé, àwọn ará ìlú gbé kẹ́ẹ̀gì àti garawa jáde, iná sọ, àwọn tó kú lé ní 150. A máa ń ka àwọn ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ìwà àwọn aláìní ojú ọ̀nà ni, kò kan ilé iṣẹ́. Mo wo ọmọkùnrin tó ń fi páànù gbọ́n epo ní sáìtì, mi ò rí ìyàtọ̀. Owó kan náà ló ń fà wọ́n lọ́wọ́.

Dísẹ̀lì kò yára gbiná bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ sì máa ń fi ojú kékeré wò ó. Àmọ́ tó bá ta sórí irin gbígbóná, ó lè sọ iná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i, nígbà tí ooru irin náà bá ti tó nǹkan bíi 210, bẹntiróòlù gan-an nílò ooru tó ju ìyẹn lọ. Ẹ wo sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, kí ẹ wá ronú kan páìpù dísẹ̀lì tó jò sórí rẹ̀. Àkísà tó ti mu dísẹ̀lì náà máa ń jó bí òwú àtùpà. Dísẹ̀lì sì ń yọ̀ nílẹ̀: ẹni tó ru búlọ́ọ̀kù tó tẹ ibẹ̀ yóò fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Nígbà tí ènìyàn bá ti wà láìléwu, tí iná kò sì sí nítòsí, a lè wá ronú kan bí epo kò ṣe ní ṣàn jìnnà. Bí èyí tó dànù kò bá ju kẹ́ẹ̀gì kan lọ, tí kò sì wọ inú kòtò, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ lè ṣe é fúnra wọn. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, panápaná ni kó bá a ṣe; fóòmù ni wọ́n máa ń dà bo bẹntiróòlù kó má lè mí mọ́.

Iyanrìn gbígbẹ ni ọ̀rẹ́ wa níbí, kò sì sí sáìtì tí kò ní in. Àṣìṣe tí a máa ń ṣe ni pé a ń da á sí àárín epo, epo á wá gba ẹ̀gbẹ́ yọ. Ibi tí epo ń ṣàn lọ ni kí a kọ́kọ́ dí. Kí a wo ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́, kí a sáré síwájú epo, kí a fi iyanrìn ṣe ebè kékeré láàárín rẹ̀ àti gọ́tà, ká tó yí i po, ká tó wá bo àárín. Ṣọ́bìrì oníke dára ju onírin lọ nídìí bẹntiróòlù, nítorí irin tó bá ha òkúta lè ta iná. Èérún pákó tí wọ́n ń kó ní sọ́míìlì máa ń mu dísẹ̀lì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dáadáa, ṣùgbọ́n èmi kò ní fi í sídìí bẹntiróòlù, torí ṣe la tún ń fún ohun tó fẹ́ràn iná ní oúnjẹ yẹn.

Omi ńkọ́? Ẹ má dà á. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, yóò léfòó lórí rẹ̀, omi á gbé e lọ sí ibi tí kì bá tí dé. Bó bá sì ti ń jó, iná náà ni omi ń gbé kiri yẹn. Fífi ọṣẹ fọ̀ ọ́ sínú gọ́tà náà kò tún nǹkan kan ṣe. Ọṣẹ kàn ń tú epo sínú omi wẹ́wẹ́ ni, ojú kò ní rí i mọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ sínú odò àti kànga. Àwọn ará Barúwà, lọ́nà Ìpájà ní Èkó, mọ ohun tí mò ń sọ. Epo tó jò láti inú páìpù wọ inú ilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kànga àti bóhòòlù wọn bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n fi ra omi mu. Iyanrìn tó ti mu epo, ẹ má jó o, ẹ má sì kó o dà sí ààtàn. Inú dùrọ́ọ̀mù irin tó ní ìdérí ni kó wà, níta, kúrò lọ́dọ̀ iná, nítorí ó ṣì ń mí, títí àwọn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ yóò fi wá gbé e.

Tí iná bá sọ ńkọ́? Ẹ̀rọ apaná oníyẹ̀fun tàbí onífóòmù lè pa èyí tó ṣì kéré, tí ẹni tó dì í mú bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, tí ọ̀nà àbájáde sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí iná bá ti ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ, kó jù ú sílẹ̀, kó máa lọ.

Epo, imú mọ̀ ọ́n. Kẹ́míkà lè má ní òórùn kankan, kó mọ́ gaara bí omi, nítorí náà orúkọ rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ ká tó sún mọ́ ọn. Àmì onígun mẹ́rin tí etí rẹ̀ pupa máa ń wà lára ike rẹ̀. Èyí tó ya ọwọ́ iná, ó ń gbiná. Èyí tó ya nǹkan tó ń kán sórí ọwọ́ àti irin, ó ń jẹ ẹran ara. Èyí tó ya agbárí òkú kò nílò àlàyé. Ìwé kan tún wà tó gbọ́dọ̀ bá ojúlówó kẹ́míkà wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìpín 16 ni ìwé náà ní. Ìpín kẹrin ni ìtọ́jú ẹni tó bá fara kó o, ìpín kẹfà sì ni ohun tí a ó ṣe bó bá dànù. Kí a tẹ ojú ìwé méjì yẹn jáde, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sítọ́ọ̀, kó má jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì ló ń sùn. Lára táńkà agbépo, a lè rí pátákó aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí: 1203 ni bẹntiróòlù, 1202 ni dísẹ̀lì, 1223 ni kẹrosíìnì. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yẹn fún panápaná lórí fóònù ti gba iṣẹ́ ńlá ṣe fún wọn.

Àwọn kẹ́míkà wo la sábà ń bá pàdé? Ásíìdì bátìrì. Ásíìdì tí àwọn onítáìlì fi ń fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lójú táìlì. Kọ́sítíìkì sódà. Tínnà àwọn akunlé, tí òun náà ń gbiná bíi bẹntiróòlù. Ásíìdì bátìrì tó bá dà sílẹ̀, kí ẹni tó ní ìbọ̀wọ́ ròbà, rénbúùtù àti awò ìdáàbòbò ojú bu bákìn sódà sí i díẹ̀díẹ̀ láti etí wá sí àárín. Yóò máa hó, bó bá dẹ́kun híhó, agbára rẹ̀ ti rọ̀. Kọ́sítíìkì gbígbẹ tó dànù, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: gígbá ni kí a gbá a ní gbígbẹ, kí a má da omi lé e, torí yóò gbóná, yóò sì ta sókè. Kí a má sì kó o sínú ìkòkò álúmíníọ̀mù, nítorí yóò máa jẹ ẹ́, gáàsì tó ń gbiná á sì máa jáde lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bílíìṣì dùn mí jù, nítorí pé ó ń ṣẹlẹ̀ láti inú ìmọ́tótó. Ẹnìkan da ásíìdì sí ilé ìyàgbẹ́ sáìtì, kò mọ́ tó bó ṣe fẹ́, ó wá da bílíìṣì lé e. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ni kúlóríìnì. Ó ń jó ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Òun náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ẹni tó lóṣòó tó ń fọ ilẹ̀ ló ń fa á símú jù. Kó dìde, kó jáde, kó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kó má padà wọlé lọ gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ó sì wà lára ohun tó ń bí mi nínú pé a ṣì ń rọ ásíìdì àti tínnà sínú ike omi mímu. Ní ọ̀sán tí òùngbẹ ń gbẹ gbogbo ènìyàn, ta ló máa bi ike léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀?

Bí kẹ́míkà bá ta sí ni lára, omi ni oògùn àkọ́kọ́, omi púpọ̀ tó ń ṣàn. Ojú tí ásíìdì tàbí kọ́sítíìkì ta sí, ogún ìṣẹ́jú gbáko ni kí omi fi máa ṣàn lórí rẹ̀, kí a fi ìka la ìpéǹpéjú, kí a tó gbé e lọ sí ọsibítù. Aṣọ tí bẹntiróòlù bá ti rin, kí a kọ́kọ́ bu omi sí i kí a tó bọ́ ọ. Aṣọ gbígbẹ tí a bá fà bọ́ lórí máa ń ta iná wẹ́wẹ́, ẹ ti gbọ́ ọ rí bó ṣe ń dún tatata lásìkò ọyẹ́. Ẹni tó fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà tó sì gbé e mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má jẹ́ kó bì. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa kọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n epo tó wà nínú ikùn kò léwu tó èyí tó bá gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, èébì ló sì ń darí rẹ̀ síbẹ̀. Kó fi omi ṣan ẹnu, kó jókòó, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìmúrasílẹ̀ kò gba owó tó bí a ṣe rò. Ibi tí dùrọ́ọ̀mù tàbí táǹkì dísẹ̀lì bá wà, kí a mọ ògiri kékeré yí i ká, tó lè gba ìdá 110 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú táǹkì tó tóbi jù, kó lè jẹ́ pé bí gbogbo rẹ̀ bá tú, inú ibẹ̀ náà ni yóò dúró sí. Kí dùrọ́ọ̀mù iyanrìn gbígbẹ wà, kí ìdérí wà lórí rẹ̀ nítorí òjò, kí a sì kùn ún ní pupa kí bíríkìlà má bàa bu ú pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Kí ọ̀gá sì sọ ọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé kò sí ẹni tó máa san owó epo tó dànù. Mo fi ìyẹn ṣáájú ẹ̀rọ apaná. Níbi tí wọ́n bá ti ń yọ owó, àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa bo epo mọ́lẹ̀, wọn yóò máa gbọ́n ọn, ìgbà tí iná bá sọ ni ọ̀gá máa tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí sáìtì alájà mẹ́ta yẹn, kí ó wá lọ bó ṣe yẹ. Ọmọkùnrin náà pariwo. Fọ́máànù na ọwọ́ sí ẹnu géètì: “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ da omi sí iná yín!” Ìyá olóúnjẹ yí odindi garawa omi ìfọbọ́ sí ìdí ààrò rẹ̀, iná kú. Wẹ́dà ti gbé irin rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ lẹ́bàá ọ̀nà, fọ́máànù ka orí wọn, wọ́n pé. Ọmọkùnrin náà dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, omi tí wọ́n bù sí i lára ń kán láti sòkòtò rẹ̀.

“Ẹ má bínú, ọ̀gá.”

“Ṣé ó ta sí ẹ lójú?”

“Rárá, ọ̀gá.”

“Lọ bọ́ aṣọ yẹn, kó o wẹ̀ dáadáa. Tó o bá ṣe tán, wá bá mi ka kẹ́ẹ̀gì tí kò ní ìdérí.”